Ó-Tó: áàpù kékeré tó ń dá iná dúró kí bátìrì tó kún dẹ́nu

Kí n tó kọ ìlà kóòdù kan ṣoṣo, fáìlì méjì ni mo kọ́kọ́ ṣí nínú fóònù mi. Ọ̀kan ń jẹ́ charge_full_design, èkejì ń jẹ́ charge_full. Inú fódà /sys/class/power_supply/battery ni wọ́n wà, níbi tí kernel Linux, ìyẹn ètò tó wà lábẹ́ Android tó ń darí ẹ̀rọ fóònù, ń kọ ohun tó bá mọ̀ nípa bátìrì sí. Ti àkọ́kọ́ kà 4000000, ti èkejì kà 3218000. Ìdá ẹgbẹ̀rún mAh, ìwọ̀n iye iná tí bátìrì lè gbà, ni wọ́n fi ń kà á. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bátìrì tí wọ́n ṣe pé kó máa gba 4000 mAh kò gbà ju 3218 lọ mọ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ. Fóònù náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ kò sán, iṣẹ́ rẹ̀ kò falẹ̀. Bátìrì nìkan ló ti gbó.

Mo mọ ohun tó mú kó gbó. Alaalẹ́ ni mo máa ń fi fóònù sórí iná tí mo bá fẹ́ sùn. Kó tó di aago mẹ́ta òru, á ti kún, á sì wà lórí 100% bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bátìrì lithium-ion kò sì fẹ́ kéèyàn kún òun dẹ́nu kó fi òun síbẹ̀. Bó ṣe ń kún ni fóltì rẹ̀ ń gòkè: tèmi ń kà nǹkan bíi fóltì 4.39 lórí 100%, àmọ́ tí mo bá dá a dúró lórí 80%, nǹkan bíi 4.1 ló máa ń wà. Fóltì gíga yẹn ló ń jẹ́ kí omi kẹ́míkà inú rẹ̀ máa bá àwọn èròjà tó yí i ká jà, tí nǹkan bí ìpẹtà á fi máa bò wọ́n lára, tí lithium tó yẹ kó máa lọ kó máa bọ̀ á sì há síbẹ̀. Èyí tó bá ti há kò ní padà mọ́. Tí ooru bá wá kún un, ńṣe ló dà bí ẹni da epo síná.

Àwọn fóònù tuntun kan ti ń gbé ètò yìí wá látilé. iPhone 15 tó jáde ní 2023 ní ibi téèyàn ti lè sọ fún un pé kó má kọjá 80%. Tèmi kò ní. Àwọn áàpù tí kóòdù wọn wà ní gbangba náà wà fún iṣẹ́ yìí lórí Android. ACC ni mo mọ̀ jù nínú wọn, mo ti lò ó, ó sì lágbára gan-an. Ohun tó mú mi kọ tèmi ni pé mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà téèyàn bá sọ pé "dúró" àti ìgbà tí iná bá dúró lóòótọ́. Mo sì fẹ́ kóòdù tí ẹnikẹ́ni lè kà tán ní ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan kó tó gbà kó máa ṣe ọ̀gá lórí fóònù òun. Mo sọ ọ́ ní Ó-Tó.

Ọjọ́ kìíní

Android kò fún áàpù lásán láyè láti dá iná dúró. Áàpù lè béèrè iye tó kù nínú bátìrì, bó ṣe gbóná tó, bóyá ó wà lórí ṣájà tàbí kò sí. Ibẹ̀ ló parí sí. Ẹni tó bá fẹ́ pàṣẹ gbọ́dọ̀ ní root, ìyẹn àṣẹ ọ̀gá pátápátá lórí fóònù, kó lọ kọ nọ́ńbà sínú fáìlì tí kernel ń tẹ̀ lé. Mo ṣí terminal, ibi téèyàn ti ń tẹ àṣẹ sí fóònù, mo tẹ èyí:

echo 1 > /sys/class/power_supply/battery/input_suspend

Ó ní "Permission denied", kò gbà mí láyè. Mo tẹ su, àṣẹ tí wọ́n fi ń béèrè root, mo fọwọ́ sí i nígbà tó béèrè, mo tún un tẹ̀. Kò sọ nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbójú sókè, àmì mànàmáná orí àwòrán bátìrì ti lọ. Okùn ṣájà ṣì wà nídìí fóònù, iná kò wọlé mọ́. Mo kọ 0 sí i, àmì náà padà. Bíi ìgbà mẹ́wàá ni mo ṣe é tẹ̀ léra. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí oúnjẹ.

Ibi tó ti le ni pé orúkọ fáìlì yìí kò dọ́gba káàkiri. Lórí fóònù kan, charging_enabled ni. Lórí òmíràn, battery_charging_enabled, tàbí batt_slate_mode, tàbí store_mode. Àwọn kan wà tí 1 túmọ̀ sí "dúró", àwọn kan sì wà tí 1 túmọ̀ sí "máa lọ". Bẹ́ẹ̀ kernel Linux ní orúkọ tó ti fọwọ́ sí fún irú iṣẹ́ yìí, charge_control_end_threshold, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ń lò: èèyàn á kọ 80 sí i, ó tán. Ká ní gbogbo ẹni tó ń ṣe fóònù ló ń lo orúkọ yẹn ni, ojú ewé kan ni gbogbo Ó-Tó ì bá jẹ́. Ó dùn mí gan-an ni, torí àwọn tí fóònù wọn ti pẹ́ ló nílò rẹ̀ jù, àwọn náà ló sì ṣòro jù láti ràn lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejì àti ìkẹta

Mo kó gbogbo orúkọ tí mo mọ̀ jọ, mo ní kí áàpù máa yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Lẹ́yìn náà ni mo gbé fóònù kejì, èyí tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi látọjọ́ pípẹ́. Áàpù rí charging_enabled níbẹ̀. Ó kọ 0 sí i, kò sí ìjà. Mo ka fáìlì náà padà, ó ní 0. Síbẹ̀ bátìrì kúrò ní 64 ó bọ́ sí 65, ó tún bọ́ sí 66. Fáìlì gbà, fóònù kò gbà.

Láti ìgbà yẹn, mi ò fi fáìlì ṣe ẹlẹ́rìí mọ́. Ẹlẹ́rìí tí mo gbà gbọ́ ni current_now, tó ń sọ iye iná tó ń wọ bátìrì tàbí tó ń ti inú rẹ̀ jáde. Òun náà ní wàhálà tirẹ̀. Lórí fóònù mi, ó ń kà -1480000 tí iná bá ń wọlé, ó sì ń kà nǹkan bí 210000 tí mo bá yọ okùn tí ojú fóònù ṣì tàn. Lórí èkejì, àmì ìyọkúrò ni iná tó ń jáde, mílí-ámpù ló sì fi ń kà á dípò máíkró-ámpù, torí náà 890 ni mo rí níbi tí mo ti ń retí 890000. Èèyàn kò lè gbójú lé àmì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbójú lé iye odo tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Áàpù á ka current_now fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, á kọ "dúró" sínú fáìlì, á sinmi díẹ̀, á tún kà á fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mìíràn. Tí nọ́ńbà náà bá yí àmì padà tàbí tó já wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ odo, fáìlì yẹn ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá yí padà, á dá fáìlì náà padà sí bó ṣe bá a, á sì bọ́ sí èyí tó kàn. Okùn gbọ́dọ̀ wà nídìí fóònù, bátìrì kò sì gbọdọ̀ tíì súnmọ́ kíkún, torí nígbà tó bá ti ń súnmọ́ 100% iná fúnra rẹ̀ á ti máa dínkù, ìdánwò á sì wá máa parọ́.

Àárín input_suspend àti battery_charging_enabled, ìyàtọ̀ wà tó yẹ kéèyàn mọ̀. Input_suspend dà bí ẹni ti géètì pa: iná kò wọ inú ọgbà rárá, fóònù á sì máa jẹ nínú ohun tó ti kó pa mọ́ sínú bátìrì, bí okùn tilẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Battery_charging_enabled dà bí ẹni ṣí géètì sílẹ̀ àmọ́ tó ti àká pa: fóònù ń jẹ iná ṣájà tààrà, bátìrì sì jókòó jẹ́jẹ́, kò gbà, kò fún. Èkejì yìí ni mo fẹ́ràn. Tí fóònù bá ní méjèèjì, òun ni Ó-Tó ń kọ́kọ́ mú. Tèmi kò ní i, input_suspend nìkan ló dá a lóhùn, èyí ló sì fa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ọjọ́ kẹrin

Mo kọ́kọ́ ṣe é pé kó dúró lórí 80, kó padà bẹ̀rẹ̀ lórí 79. Láàárín wákàtí kan, ó ti tì ó ti ṣí lọ́pọ̀ ìgbà, ojú fóònù ń tàn ó ń kú lórí tábìlì. Mo sọ ìbẹ̀rẹ̀ di 75. Ó fara balẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà

Lálẹ́ ọjọ́ yìí, mo rí ohun tí mi ò rí rí nínú àkọsílẹ̀ tí áàpù ń kọ:

22:41:07 bátìrì 80, kọ 1
22:41:09 ṣájà kúrò
22:41:09 kọ 0
22:41:11 ṣájà dé
22:41:12 bátìrì 80, kọ 1
22:41:14 ṣájà kúrò

Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí. Mi ò fọwọ́ kan okùn. Mo jókòó tì í, mo wò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó yé mi. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ pé tí wọ́n bá yọ ṣájà, kí áàpù dá fáìlì padà sí 0, kí fóònù lè gba iná nígbà mìíràn tí wọ́n bá ti okùn bọ̀ ọ́. Ìyẹn dára. Àmọ́ tí input_suspend bá ti géètì pa, kernel á sọ fún Android pé kò sí iná nídìí fóònù mọ́. Android á gbà bẹ́ẹ̀, á kéde fún gbogbo áàpù pé ṣájà ti kúrò. Ó-Tó á gbọ́ ìkéde tó jẹ́ pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fà á, á ṣílẹ̀kùn, á sì tún tì í.

Inú fáìlì méjì mìíràn ni ọ̀nà àbáyọ wà, nínú fódà usb tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà battery. Ọ̀kan ń jẹ́ online, èkejì ń jẹ́ present. Online ń sọ bóyá fóònù ń jẹ iná ṣájà, present ń sọ bóyá okùn wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí mo bá ti géètì pa, online á di 0, àmọ́ present á dúró lórí 1. Nígbà tí mo bá yọ okùn gan-an, àwọn méjèèjì á di 0. Torí náà Ó-Tó kì í gba ìkéde Android gbọ́ mọ́ àyàfi tí present bá jẹ́rìí sí i. Ìlà mẹ́ta péré ni àtúnṣe náà, odidi ìrọ̀lẹ́ kan ló sì gbà mí.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Ọjọ́ yìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ dáadáa.

Lọ́sàn-án, mo fi fóònù sórí iná. Ó dé 80% ní aago 12:58, Ó-Tó kọ 1, iná dúró. Mo yọ okùn ní bí aago méjì ààbọ̀, mo jáde. Nígbà tí mo fi máa wọlé lálẹ́, ó ku 23%. Mo ti okùn bọ̀ ọ́, mo dojú rẹ̀ dé, mo sùn. Láàárọ̀, 9% ló kù. Okùn wà nídìí rẹ̀ látòru mọ́jú.

Áàpù tí mo kọ kó lè tọ́jú bátìrì ló fi ebi pa á mọ́jú. Ká ní mo bá a lórí 10% lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, ó ṣeé ṣe kó ti kú kí n tó jí, ẹni tó bá sì ń retí ìpè láti ilé ìwòsàn kò ní gbọ́ ọ. Ìyẹn ni mo rò kí n tó ro ohunkóhun mìíràn, ó sì bà mí lẹ́rù.

Mo ṣí àkọsílẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti aago 13:06. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí Ó-Tó ti ti ilẹ̀kùn, Android pa á. Bí mo ṣe kọ ọ́ nígbà yẹn, iṣẹ́ ẹ̀yìn lásán ni, kò ní ohun tó ń fi hàn lójú fóònù. Láti Android 8.0 tó jáde ní 2017, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé tí ẹni tó ni fóònù bá ti kúrò lórí áàpù náà. Nígbà tí mo yọ okùn, kò sẹ́ni tó wà nílé láti kọ 0. Nígbà tí mo ti okùn bọ̀ ọ́ lálẹ́, géètì ṣì wà ní títì. Fáìlì kì í kú pẹ̀lú áàpù tó kọ ọ́. Kernel ló ni ín, ó sì máa wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi pa fóònù kí wọ́n tó tàn án padà.

Mo fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ máa ń wo kóòdù ara wa. Wọ́n kà á tán, wọ́n pè mí. "Àbúrò," wọ́n ní, "o ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Tó bá wá kú sínú ilé ńkọ́, ta ló máa ṣí i?"

Mi ò ní èsì. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ ronú sí i, ẹ̀gbọ́n."

Ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹtàlá

Mo sọ iṣẹ́ ẹ̀yìn náà di èyí tó ń gbé ìfitónilétí sójú fóònù nígbà gbogbo, torí Android kì í tètè pa irú ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò fẹ́ kí àmì kan máa jókòó sókè fóònù wọn lójoojúmọ́. Mo gbọ́ ẹ̀dùn wọn, àmọ́ mi ò ní yọ ọ́. Mo tún jẹ́ kó máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá tan fóònù.

Ìyẹn nìkan kò dáhùn ìbéèrè ẹ̀gbọ́n, torí ohun tí kì í tètè kú ṣì lè kú. Ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlòmíràn. Mo wá kọ ìwé àṣẹ kékeré kan fún shell, ètò tó ń ka àṣẹ téèyàn bá tẹ̀ sínú terminal tó sì ń ṣe é, kò ju ìlà méjìlá lọ, tí Ó-Tó máa ń gbé dìde pẹ̀lú root kó tó kọ 1 àkọ́kọ́. Mo pè é ní olùṣọ́. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, Ó-Tó á fọwọ́ kan fáìlì òfìfo kan tó ń jẹ́ oto.emi kí aago ara fáìlì náà lè yí padà. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, olùṣọ́ á wo aago yẹn. Tó bá ti ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan fáìlì náà, olùṣọ́ á gbà pé Ó-Tó ti kú, á sì kọ 0. Kò ní béèrè iye tó wà nínú bátìrì, kò ní béèrè bóyá okùn wà níbẹ̀. Ó kàn máa ṣílẹ̀kùn ni. Mo kọ -1000 sínú oom_score_adj rẹ̀, kí kernel má bàa mú un pa nígbà tí RAM bá ń tán.

Mo rí àléébù kan lára rẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá. Tí fóònù bá sùn fọnfọn, Ó-Tó àti olùṣọ́ ń sùn pa pọ̀ ni. Nígbà tí mo bá tan ojú rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, olùṣọ́ lè kọ́kọ́ jí, kó rí i pé oto.emi ti pẹ́, kó sì kọ 0 nígbà tí Ó-Tó ṣì wà láàyè tó ń nu ojú oorun. Mo fẹ́ tún un ṣe, mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó dúró. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an tó bá ṣèèṣì kọ 0? Iná á wọlé fún ìṣẹ́jú kan, bóyá bátìrì á dé 81, Ó-Tó á jí, á rí i, á tì í padà. Àṣìṣe odi kejì ni fóònù tó kọ̀ tí kò gba iná mọ́jú. Mo fi àléébù náà sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì kọ ìdí rẹ̀ sínú kóòdù kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa "tún un ṣe": bí Ó-Tó bá máa ṣì, ìhà tí iná ti ń wọlé ni kó ṣì sí.

Ohun kékeré tó kù

Ooru: fáìlì temp ń kà á ní ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n Celsius, torí náà 412 jẹ́ 41.2. Tó bá kọjá 420, Ó-Tó ń dúró kódà tí bátìrì kò bá tíì dé 80, á sì tún bẹ̀rẹ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí 380.

Mo kọ́kọ́ ń pe su lákọ̀tun fún gbogbo àṣẹ, ó ń lọ́ra, ó sì ń fi ìkìlọ̀ hàn ní gbogbo ìgbà. Libsu, kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ kí áàpù lè fi bá root lò, ni mo ń lò báyìí, shell kan ṣoṣo ló ń ṣí tó sì ń bá a lò.

Ọ̀rọ̀ inú áàpù wà ní Yorùbá, nínú fódà values-yo. "Ó ń gba iná." "Ó tó, iná ti dúró." "Ó gbóná, ó ń sinmi." Gbólóhùn kan pẹ́ lọ́wọ́ mi, èyí tó máa jáde tí kò bá sí fáìlì kankan tó ṣiṣẹ́ lórí fóònù ẹni. Mo kọ ọ́ nígbà mẹ́rin. Èyí tí mo fi síbẹ̀ ni "Fóònù yìí kò gbà fún mi. Mi ò yí ohunkóhun padà lára rẹ̀." Mo fẹ́ kí ẹni tó bá rí i mọ̀ pé kò sí ohun tó bàjẹ́.

GPL ẹ̀dà kẹta, ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lo kóòdù náà, kó sì yí i padà, ni mo fi tì í lẹ́yìn. Ohun àkọ́kọ́ tó wà nínú README, fáìlì àlàyé tó bá kóòdù rìn, ni pé tí fóònù yín bá kọ̀ tí kò gba iná, ẹ pa á, kí ẹ tàn án padà. Mo gbé e sókè ibi tí mo ti sọ ohun tí áàpù ń ṣe.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo fi fóònù sórí iná, mo dúró kó dé 80. Ní aago 19:20, current_now kúrò ní -1390000, ó di 184000. Mo lọ sí ìtòlẹ́sẹẹsẹ áàpù, mo tẹ "Force stop" lórí Ó-Tó. Ìfitónilétí orí fóònù pòórá. Mo gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, mi ò pa ojú rẹ̀, mo ń wo nọ́ńbà náà nínú terminal.

Aago 19:21, 186000. Aago 19:23, 181000. Okùn wà nídìí rẹ̀, kò sí àmì mànàmáná. Aago 19:25, 183000. Mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá lọ́kàn mi. Ní 19:26 kọjá díẹ̀, ojú fóònù tàn yòò, àmì mànàmáná yọ, nọ́ńbà náà di -1402000.

Mo pe ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Olùṣọ́ ti ṣílẹ̀kùn o."